Ẹ̀rọ PLATO àti ìbéèrè tí Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n bi mí

Bí ẹ bá wà nínú dánfó, ẹ ti ìápíìsì bọ etí dáadáa kí kọ̀ńdọ́ má baà bá wa pín ètò yìí gbọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ń kà á lórí fóònù ni, torí pé dátà kò tó gbọ́ ohùn, ìdí tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ náà nìyẹn. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 2021 ni. Kọ́pà ni mí nígbà náà, wọ́n sì fi mí sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ rántí bí ọdún tó ṣáájú ṣe rí. Oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n ti àwọn ilé ìwé pa nítorí Kòrónà, oṣù yẹn kan náà ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò tán títí di oṣù Kejìlá. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi padà wọlé, àwọn aláṣẹ ti pinnu pé gbogbo olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Moodle ni wọ́n mú. Wọ́n ní kí àwa ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wa.

Wákàtí méjì, gbọ̀ngàn ńlá kan, pírójẹ́kítọ̀ kan, àwọn olùkọ́ tó lé ní ọgọ́rin. Èmi ni mo di máíkì mú. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, mo ń sọ pé ó rọrùn gan-an, ẹ kàn tẹ ibí yìí, ẹ tún tẹ tibí. Lójú tèmi, bẹbẹ ni mò ń ṣe.

Màmá kan jókòó ní ìlà kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa ewéko, ọdún díẹ̀ ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ní àwọn ò rí ibi tí wọ́n ti ń gbé fáìlì sókè. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, kò yé wọn. Mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ wọn ṣì ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Mo wá ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, mà,” mo sì gba máọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ rárá, mo ti ṣe é tán. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n rọra tì í sínú báàgì. Nígbà tí a ti ìsinmi dé, àga wọn ti ṣófo.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀gá wa ní kí n lọ wo àwọn tó ti ń lo Moodle àti àwọn tí kò lò ó. Ojú ewé màmá ṣófo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi fáìlì ẹyọ kan tí èmi fúnra mi gbé sókè lọ́jọ́ náà. Wọ́n rán mi sí ọ́fíìsì wọn kí n lọ béèrè ìdí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jíṣẹ́. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n ṣí gúrúùpù WhatsApp kan hàn mí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀. Fọ́tò ewé ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀: iwájú ewé, ẹ̀yìn ewé, ibi tí ewé ti so mọ́ igi. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn màmá fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wo bí iṣan ewé náà ṣe tò, kí wọ́n sọ ìdílé tó ti wá. Àwọn ọmọ náà ń fèsì pẹ̀lú fọ́tò ewé tí wọ́n já ní àdúgbò tiwọn. Ọmọ-ọmọ màmá ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó ti ara wọn lórí àga kan náà.

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Kọ́pà, lọ́jọ́ tí o ń kọ́ wa yẹn, ṣé o mọ ohun tí èmi ń kọ́ àwọn ọmọ mi?”

Mi ò mọ̀. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kí n mọ̀.

Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìtàn kiri. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti bi olùkọ́ léèrè bẹ́ẹ̀ rí, kó tó gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́.

Àwọn tí kò béèrè ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, wọ́n sì pọ̀. Thomas Edison, bàbá oní gílóòbù, sọ fún oníròyìn kan ní 1913 pé ìwé máa tó di ohun àtijọ́ nílé ìwé, pé fíìmù ló máa gba ipò rẹ̀, kò sì ní ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ fúnra yín ẹ ka ọdún mẹ́wàá láti 1913. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ará Indiana ní Amẹ́ríkà. Ní 1961, wọ́n gbé ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sínú ọkọ̀ òfurufú DC-6, wọ́n ń gbé e dìde láti pápá ọkọ̀ òfurufú Yunifásítì Purdue. Ọkọ̀ náà á gòkè tó nǹkan bí 23,000 ẹsẹ̀ bàtà, á máa yí po bíi nọ́ńbà 8 lójú ọ̀run, á sì máa da ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwé ní Indiana àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá nawọ́ sókè pé kò yé òun, kí ni olùkọ́ fẹ́ ṣe? Kò sẹ́ni tó lè ní kí ọkọ̀ òfurufú dákẹ́ ná. Ọdún 1968 ni ọkọ̀ náà fò kẹ́yìn.

Ká tó fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwa náà wà nínú ìran yẹn. Oṣù Kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà lára ìdí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi dá a sílẹ̀. Gbogbo ayé ló gbà nígbà náà pé tí a bá ti rí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn olùkọ́ kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ọmọ, ìṣòro ti tán.

Ibi tí mo ti rí nǹkan mìíràn ni Urbana, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Yunifásítì ibẹ̀ ní kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní ILLIAC. Ẹ má ro ti láptọ́ọ̀bù o, yàrá kan odidi ló gbà. Onímọ̀ físíìsì kan, Chalmers Sherwin, ló lọ bá ọ̀gá ilé ìwádìí tó ń jẹ́ Daniel Alpert, ó ní ṣé wọn ò lè lo kọ̀ǹpútà láti fi kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ ni? Alpert kó ìgbìmọ̀ jọ, àwọn ẹnjiníà, àwọn onímọ̀ ìṣirò, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀. Ẹnjiníà kò gbọ́ èdè olùkọ́, olùkọ́ kò gbọ́ èdè ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kú síbẹ̀ bí kì í bá ṣe pé Alpert mẹ́nu bà á fún ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 26 kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, Donald Bitzer. Bitzer ní òun ti ń ro ó tẹ́lẹ̀.

Bitzer kò tún kó ìgbìmọ̀ jọ. Ó mú onímọ̀ ìṣirò kan, Peter Braunfeld, mọ́ra pẹ̀lú àwọn díẹ̀ mìíràn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Kí ọdún 1960 tó parí, ó ti ń ṣiṣẹ́: ojú tẹlifíṣọ̀n kan, bọ́tìnnì díẹ̀, wáyà tó lọ bá ILLIAC. PLATO ni wọ́n sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹyọ kan ló lè lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó di 1961, ó di èèyàn méjì, inú wọn sì dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa bọ́tìnnì méjì lára àwọn bọ́tìnnì yẹn. Ọ̀kan ń jẹ́ HELP. Bí ìbéèrè bá le jù, akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á mú un gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, á fọ́ ìbéèrè náà sí wẹ́wẹ́ fún un. Èkejì ń jẹ́ AHA. Ohun tó túmọ̀ sí ni “hẹ̀n-ẹ́n, ó ti yé mi.” Bó bá ti tẹ ìyẹn, ẹ̀rọ á dá a padà síbi tó ti yà kúrò lọ́nà. Mo fẹ́ràn bọ́tìnnì AHA yẹn gan-an. Ẹni tó ronú kàn án mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè yé ọ̀rọ̀ láàárín àlàyé, kí ó má fẹ́ gbọ́ èyí tó kù mọ́.

Ìyàwó Bitzer, Maryann, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà kọ́ni ní nǹkan gidi. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni tirẹ̀. Ní 1963, ó ṣe ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Mercy ní Urbana, nípa aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ń dà láàmú. Ẹ̀rọ kò rojọ́ fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló máa pinnu ohun tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ aláìsàn, ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò, ìtọ́jú tó fẹ́ fún un, kó sì rí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ láìsí pé ẹnikẹ́ni kú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan ló lè ro irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà tó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó kò ní ro ó láé.

Ìṣòro wá dé. Ìyàwó ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni Maryann, ilé ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ wà. Olùkọ́ kẹ́mísírì tó wà ní òdìkejì ọgbà ń kọ́? Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sórí PLATO láyé ìgbà yẹn, àfi kó wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kó ṣàlàyé fún un, kí onítọ̀hún ṣì í gbọ́, kí wọ́n tún un ṣe, kó tún ṣì í gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní bọ́tìnnì HELP, olùkọ́ kò ní.

Ọdún 1967 ni nǹkan yí padà, ẹni tó sì yí i padà kì í ṣe ẹnjiníà. Paul Tenczar ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló wá kà ní yunifásítì náà. Ó fẹ́ kọ ẹ̀kọ́ sórí PLATO, ó rí i pé wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù, ló bá ṣe èdè kan tí wọ́n ń pè ní TUTOR. Mo ti wo bí èdè yẹn ṣe rí. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ ni: write láti kọ nǹkan sójú ẹ̀rọ, answer fún ìdáhùn tó tọ̀nà, wrong fún èyí tí olùkọ́ ti mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń ṣì.

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ kó lè yé wa. Ká ní o bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀kan á ní “Òṣogbo”. Òmíràn á ní “Ìlú Òṣogbo ni.” Ẹ̀kẹta á ní “Ó jẹ́ Òṣogbo.” Kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́n á ní ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló gbà á. Nínú TUTOR, olùkọ́ lè sọ fún ẹ̀rọ lórí ìlà kan ṣoṣo pé: àwọn ọ̀rọ̀ báyìí, má wò wọ́n, àwọn ọ̀rọ̀ báyìí, ohun kan náà ni wọ́n jẹ́, èyí ni mò ń retí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi lẹ́tà kọ, ẹ̀rọ kò ní sọ pé ó kùnà, á fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà kó tún un wò. Ẹ rí i pé ẹni tó ti máàkì ìwé ìdánwò rí ló lè ro èyí. Ó mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mọ nǹkan kí ó má kọ ọ́ bí ti ìwé.

Láti ìgbà náà, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ya wọlé. Stanley Smith, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì, kọ ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ fún ẹ̀rọ èròjà tó fẹ́ fi kún èròjà, kí ẹ̀rọ sì sọ ohun tó máa dà fún un, títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi dé ibi tó ń lọ. Àwọn olùkọ́ físíìsì wá, àwọn olùkọ́ èdè wá. Ní 1972, PLATO IV dé, ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń tàn bíi ẹ̀yinná, o sì lè fi ìka kàn án kó gbọ́ ohun tí o fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi ìka kàn lójú ní 1972. Ẹ wo fóònù ọwọ́ yín ná.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí pẹ́ jù kì í ṣe ojú ẹ̀rọ tó ń tàn yẹn. Bọ́tìnnì kan wà lórí kíbọọ̀dù PLATO IV tó ń jẹ́ TERM. Bí olùkọ́ tó ń kọ ẹ̀kọ́ bá há, á tẹ TERM, á kọ consult. Ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ á dá a lóhùn nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Onítọ̀hún lè wà ní ilé mìíràn, ó tiẹ̀ lè wà ní ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n á rí ojú ẹ̀rọ olùkọ́ náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Á bi í pé kí lo fẹ́ kí ó ṣe? Àwọn méjèèjì á máa kọ̀wé síra wọn títí yóò fi yanjú. Olùkọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kíbọọ̀dù.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, máọ̀sì tí mo gbà lọ́wọ́ màmá ló wá sí mi lọ́kàn.

Ìrànlọ́wọ́ yìí kan náà ló bí nǹkan tí gbogbo wa ń lò lónìí láìmọ̀ orísun rẹ̀. Ní 1973, ọmọ ọdún 17 kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, David Woolley, ni wọ́n ní kó wá ọ̀nà tí àwọn èèyàn á máa gbà fẹjọ́ sùn bí nǹkan bá bàjẹ́. Ó ṣe Notes. O kọ ẹjọ́ rẹ, àwọn mìíràn fèsì sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé ń kà á. Ó pín in sí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn wà fún ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ nìkan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tibẹ̀ sọ̀rọ̀ fíìmù, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lábẹ́ pósítì àwọn èèyàn lálaalẹ́, ibi tí olùkọ́ ti ń wá ìrànlọ́wọ́ ni baba ńlá ìjà yín ti ṣẹ̀ o.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé Párádísè ni PLATO. Ó wọ́n. Wákàtí tí olùkọ́ fi ń kọ ẹ̀kọ́ kan pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìjọba Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ àjọ NSF, náwó sí i, wọ́n sì ní kí ETS, àwọn tó ń ṣe ìdánwò TOEFL, lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ní Illinois. Nígbà tí àbájáde jáde lápá ìparí àwọn ọdún 1970, kò dùn létí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lo PLATO kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé ju ẹni tí kò lò ó lọ. Inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí i, inú olùkọ́ dùn sí i, ṣùgbọ́n máàkì kò gbéra.

Ká ní ibẹ̀ ni ìwádìí náà parí sí, ǹ bá ti pa ìwé dé. Àmọ́ ẹ̀rọ méjì ni NSF náwó sí lásìkò kan náà. Èkejì ń jẹ́ TICCIT. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kí olùkọ́ dà á láàmú. Àwọn ògbógi ló kọ ẹ̀kọ́ náà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n tò ó dáadáa, wọ́n gbé e wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síwájú ẹ̀rọ, á máa lọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Kí ni ETS rí? Àwọn tó parí ẹ̀kọ́ náà ṣe dáadáa nínú ìdánwò, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn mélòó ló parí? Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, akẹ́kọ̀ọ́ 16 nínú 100 ló parí láàárín sáà kan. Ní kíláàsì tí olùkọ́ ti dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lásán, 50 nínú 100 ni.

Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ tó dára, ẹ̀kọ́ tó dára, ó sì kù ẹni tó máa rí i pé Bọ́lá kò wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ibi tí olùkọ́ bá ti fi ara rẹ̀ sí i, tó ń tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni nǹkan ti sàn. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ àárín ẹ̀rọ méjèèjì nìyẹn. PLATO kò sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́gbọ́n lọ́sàn-án kan òru kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ olùkọ́ ló wà. Ó lè lò ó ní ọjọ́ Ajé, kó fi sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó tún ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kọ bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bí PLATO ṣe parí kò dùn. Ilé iṣẹ́ Control Data gbà á láti máa tà á, ọ̀gá wọn, William Norris, ní ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ, wọ́n ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là lé e lórí. Kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì dé láàárín àwọn ọdún 1980, owó náà kò sì padà bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tó yá, wọ́n pa PLATO tó wà ní Illinois gan-an.

Ibì kan ló kù tí mo fẹ́ mú yín dé kí n tó padà sílé. Ní Ọsirélíà, ọmọ kan dàgbà nínú aṣálẹ̀ níbi tí kò ti sí ilé ìwé nítòsí. Orí rédíò ni olùkọ́ ti ń bá a sọ̀rọ̀. Martin Dougiamas ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó rí iṣẹ́ sí Yunifásítì Curtin ní ìlú Perth lápá ìparí àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ wo? Òun ló ń bójú tó WebCT, ẹ̀rọ tí àwọn olùkọ́ fi ń gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni wọ́n ń sá bá tí nǹkan bá há wọn. Olùkọ́ á wá bá a pé báyìí lòun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ òun, ṣé ẹ̀rọ yìí lè ṣe é? Kò lè ṣe é, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti ṣí i kó tún un ṣe, torí ilé iṣẹ́ ló ni ín. Ó sú Dougiamas. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ tirẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Ó gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2002.

Orúkọ rẹ̀ ni Moodle.

Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fi dójú ti màmá ní gbọ̀ngàn yẹn, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí èmi ń ṣe gan-an ló ṣe é, torí pé ó ń tẹ́tí sí àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n parí ìsìnrú ìlú nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì màmá. Mi ò gbé láptọ́ọ̀bù lọ. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wá béèrè ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yín.” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n dìde, wọ́n mú mi jáde lọ sẹ́yìn ilé.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé igi efinrin ní igun mẹ́rin. Ẹ lọ fi ìka kàn án wò. Wọ́n ní ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lamiaceae, igun mẹ́rin yẹn sì ni àmì tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n já ewúro, wọ́n já yánrin, wọ́n ní ìdílé kan náà ni méjèèjì, kí n wo òdòdó wọn kí n má wo ewé. Wákàtí méjì tán kí n tó mọ̀, bó ṣe rí lọ́jọ́ gbọ̀ngàn.

Nígbà tí a wọlé padà ni wọ́n tó sọ ìṣòro wọn fún mi. WhatsApp ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fọ́tò àwọn ọmọ ń ya lu ara wọn. Wọn ò mọ ẹni tó ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ àti ẹni tí kò fi ránṣẹ́. Fóònù wọn ti kún, wọ́n ti ń pa fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn rẹ́ kí ewé lè ráyè. Alaalẹ́ ni wọ́n ń fi bírò ka orúkọ sínú ìwé. Mo ní Moodle lè to fọ́tò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín, wọ́n sì lè máàkì rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí o kò sọ èyí lọ́jọ́sí?”

Ọjọ́ kejì, mo gbé láptọ́ọ̀bù lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan mi kí n má baà tún gba máọ̀sì. Màmá ń fi ìka kan tẹ̀wé. Wọ́n kọ ìbéèrè àkọ́kọ́, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ. Wọ́n ṣì tẹ ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, “Ẹ wo apá ọ̀tún lókè, mà,” wọ́n ní, “Dákẹ́, mo ti rí i.” Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná lọ. Báttìrì láptọ́ọ̀bù náà ti kú tipẹ́, ojú rẹ̀ ṣú lẹ́sẹ̀ kan náà. Ni mo bá pariwo.

Màmá bọ́ awò ojú wọn. “Kí lò ń pariwo sí? Mo ti tẹ Save.”